Ìbọn Abẹ́ Aṣọ ní Amẹ́ríkà: Ta Ni Òfin Ń Wò?

Bí a ṣe ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá ọ̀rọ̀ ìbọn mu púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Texas lónìí, ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún láti ní ìbọn, lè ki ìbọn ìléwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, kí ó sì gba ọjà lọ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹni kan náà bá gbé ìbọn kan náà, tí ọta wà nínú rẹ̀, dé ìgboro New York láìní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ náà, ó ti di ọ̀daràn. Ẹ̀wọ̀n tí ìwé òfin là sílẹ̀ fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ó sì lè dé ọdún 15. Ìbọn kò yí padà, ẹni tí ó gbé e kò yí padà. Ààlà ìpínlẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ Plaxico Burress lára. Òun ni agbábọ́ọ̀lù tí ó gba bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ New York Giants fi borí nínú ìdíje Super Bowl ní oṣù Kejì ọdún 2008. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ó ki ìbọn bọ ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ lọ sí ilé ijó kan ní Manhattan. Ìbọn náà yọ̀ bọ́, ó dún, ọta sì bà á ní itan. Kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì dojú ìbọn kọ ẹnikẹ́ni. Ìwé àṣẹ tí ó ti gbà rí, ti Florida ni, àsìkò rẹ̀ sì ti kọjá. New York kò fún un ní ọ̀kan rí. Ní ọdún 2009 ó gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ìjà òde òní ni ìjà lórí ìbọn abẹ́ aṣọ jẹ́, pé àwọn olóṣèlú ayé ìsinsìnyí ni ó dá a sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń ṣe òfin lórí rẹ̀, tí wọ́n ń fagi lé e, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Ìbéèrè tí ó hàn lójú òfin ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi ohun ìjà pamọ́ sára? Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó lágbára jù ú lọ: ta ni ó yẹ, ta sì ni yóò sọ pé ó yẹ? Ìbéèrè kejì yìí ni ó ti pinnu ẹni tí ó ń lọ sí ẹ̀wọ̀n àti ẹni tí ó ń lọ sí ilé rẹ̀ ní àlàáfíà.

Nígbà tí Amẹ́ríkà fi Àtúnṣe Kejì kún ìwé òfin rẹ̀ ní ọdún 1791, tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà àti láti gbé e lójú, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni àwọn ilé ẹjọ́ gbà pé ó dè. Àwọn ìpínlẹ̀ ṣì ní agbára láti ṣe òfin tiwọn lórí ààbò ìlú. Kentucky ni ó kọ́kọ́ lo agbára yìí lórí ohun ìjà ìkọ̀kọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1813, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ ṣe é ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìbọn àpò, ọ̀bẹ ńlá, tàbí idà inú ọ̀pá ìtilẹ̀ pamọ́ sára, àfi bí ó bá wà lórí ìrìn-àjò. Owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 100 dọ́là, owó gọbọi sì ni èyí ní àkókò náà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Louisiana ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Indiana tẹ̀lé wọn ní ọdún 1820. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1840, Georgia, Arkansas, Tennessee, Virginia àti Alabama ti ní tiwọn.

Kí ni ó fa ìkánjú yìí? Ìjà àti ìpànìyàn ni. Ní gúúsù Amẹ́ríkà ìgbà náà, ọ̀rọ̀ àbùkù lásán lè di ikú. Ní ọdún 1827, James Bowie fi ọ̀bẹ ńlá kan jà ní ìyànrìn etí odò Mississippi; òkìkí ìjà náà kàn débi pé orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1836, Samuel Colt gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn ìléwọ́ tí ó lè yìn léraléra kí a tó tún kì í. Ní Philadelphia, Henry Deringer ń rọ ìbọn kékeré tí ó lè wọ inú àpò. Irú ìbọn kékeré yìí ni John Wilkes Booth fi pa Ààrẹ Abraham Lincoln nínú gbọ̀ngàn eré ní oṣù Kẹrin ọdún 1865. Nítorí náà, kì í ṣe ìran ìbọn ni ó ń ba àwọn aṣòfin lẹ́rù jù. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ìbọn tí ojú kò rí.

Ní èrò àwọn adájọ́ ayé ìgbà yẹn, olóòótọ́ ènìyàn máa ń gbé ohun ìjà rẹ̀ sí gbangba kí gbogbo ayé rí i kí wọ́n sì ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá fi pamọ́, ó ní ohun tí ó fẹ́ ṣe. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1822, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Kentucky dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tí a ń pè ní Bliss, ẹni tí wọ́n bu owó ìtanràn 100 dọ́là lé nítorí idà tí ó fi pamọ́ sínú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní òfin ọdún 1813 lòdì sí ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì fagi lé e. Kentucky kò gbàgbé: nígbà tí ó ṣe ìwé òfin tuntun ní ọdún 1850, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé aṣòfin lè ka gbígbé ohun ìjà pamọ́ léèwọ̀. Ní Georgia, ilé ẹjọ́ gba ọ̀nà àárín ní ọdún 1846 nínú ẹjọ́ Nunn. Ó ní ìpínlẹ̀ lè ka fífi pamọ́ léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ka gbígbé sí gbangba léèwọ̀. Ìpinnu yìí ni àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí títí di ọ̀rúndún yìí.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, a lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, pé gbangba dára ju ìkọ̀kọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí gbangba àti ìkọ̀kọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún. Láti ọdún 1680 ni Virginia ti ṣòfin pé ẹrú kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà èyíkéyìí. Lẹ́yìn tí Nat Turner darí ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Virginia ní ọdún 1831, ẹ̀rù gba gbogbo gúúsù. Ìwé òfin Tennessee ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọkùnrin òmìnira ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìjà. Ní ọdún 1834 wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un: àwọn ọkùnrin òmìnira aláwọ̀ funfun. Nínú ẹjọ́ Dred Scott ní ọdún 1857, Adájọ́ Àgbà Roger Taney ka ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbà pé aláwọ̀ dúdú jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè: wọn yóò lè sọ̀rọ̀ ní gbangba, wọn yóò lè ṣe ìpàdé, wọn yóò sì lè gbé ohun ìjà lọ sí ibikíbi. Lójú Taney, ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ gbà á nìyẹn.

Ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1865, ẹrú sì di òmìnira. Kí ọdún náà tó parí, ní oṣù Kọkànlá, Mississippi ṣe òfin pé aláwọ̀ dúdú tí ó gba òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn, àfi bí ó bá jẹ́ ológun ìjọba àpapọ̀ tàbí bí ìgbìmọ̀ ìjọba agbègbè rẹ̀ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá tú u fó ni yóò gba ìbọn náà gẹ́gẹ́ bí èrè. Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí ọ̀rọ̀ náà, ìwé àṣẹ. Òfin kò sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ní ìbọn láéláé. Ó sọ pé ó lè ní in bí àwọn kan bá fẹ́. Àwọn tí yóò fẹ́ tàbí tí kò ní fẹ́ náà ni ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní àná.

Àtúnṣe Kẹrìnlá ọdún 1868 sọ irú òfin tí ó dárúkọ àwọ̀ báyìí di aláìlẹ́sẹ̀ńlẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ará kúrò lójú ìwé òfin ìbọn, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ń lò ó. Ní àwọn ọdún 1870 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, Tennessee àti Arkansas ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀, àfi irú èyí tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi ń lò. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wọ́n; olówó ní in, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun gúúsù àtijọ́ sì ní in nílé. Àwọn òpìtàn kan sọ pé tálákà, dúdú àti funfun, ni òfin náà mú ìbọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí olówó pọ́ọ́kú nìkan ni apá rẹ̀ ká.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ ìtàn, kì í ṣe gbogbo òfin ìbọn ìgbà náà ni wọ́n ṣe láti ni aláwọ̀ dúdú lára. Ní ọdún 1871, Texas fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbígbé ìbọn ìléwọ́ káàkiri léèwọ̀ pátápátá, yálà ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀. Gómìnà Edmund Davis ni ó wà lórí oyè, ọkùnrin tí àwọn aláwọ̀ dúdú dìbò fún, tí wọ́n sì wà nínú ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìpànìyàn àwọn ajàǹdùkú tí ó kórìíra ìjọba tuntun náà wà lára ohun tí òfin náà dojú kọ. Ìpínlẹ̀ tí fíìmù ti kọ́ wa pé gbogbo ọkùnrin rẹ̀ ń fi ìbọn dídì rìn ka gbígbé ìbọn ìléwọ́ káàkiri léèwọ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́fà ọdún. Irinṣẹ́ ni òfin. Ọwọ́ tí ó bá dì í mú ni ó ń sọ ohun tí yóò ṣe.

Florida fún wa ní ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn. Ní ọdún 1893, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé ẹni tí yóò gbé ìbọn gígùn Winchester tàbí irú rẹ̀ tí ó ń yìn léraléra gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ agbègbè rẹ̀, kí ó sì fi 100 dọ́là ṣe ìdúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìbọn ìléwọ́ kún un. Kò sí ọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ kankan nínú òfin náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1941, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n mú nítorí ìbọn tí ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, Adájọ́ Rivers Buford ti ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Florida sọ òtítọ́ tí kò sí lójú ìwé. Ó ní nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wá ṣiṣẹ́ nínú igbó igi gẹdú àti oje igi ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà, kí ìbọn lè kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó ní wọn kò ní in lọ́kàn rí pé kí ó mú aláwọ̀ funfun, wọn kò sì lò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀tá kọ́ ni ó sọ èyí. Adájọ́ ìpínlẹ̀ náà ni, nínú ìwé ìdájọ́ tirẹ̀.

Ní àríwá, àwọn àjèjì ni ojú ń ṣọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1911, ọkùnrin kan yìnbọn pa òǹkọ̀wé David Graham Phillips ní ọ̀sán gangan ní New York, ó sì pa ara rẹ̀. Ìbínú gba ìlú. Olóṣèlú Timothy Sullivan gbé òfin kan wá tí ó fi orúkọ rẹ̀ jẹ́ títí di òní: ẹnikẹ́ni tí yóò ní ìbọn tí ó kéré tó láti fi pamọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ẹni tí ó bá sì gbé e jáde láìgbà á, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ó dá. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kò fi pamọ́ pé àwọn ará Ítálì tí ó ń rọ́ wọ ìlú ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1913, wọ́n fi kún un pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìbọn pamọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdí tí ó tọ́. Ta ni yóò sọ pé ìdí kan tọ́? Aláṣẹ tí ó ń fún ni ní ìwé. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ, ìdí rẹ tọ́. Bí kò bá dùn sí ọ, ìdí rẹ kò tó.

Ohun tí irú ìfẹ́ inú aláṣẹ bẹ́ẹ̀ lè ṣe hàn kedere ní Montgomery, ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọdún 1956. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé Oníwàásù Martin Luther King, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn jòjòló sì wà nínú ilé. King tọ àwọn aláṣẹ lọ pé kí wọ́n fún òun ní ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn pamọ́ sára. Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà tí ìdí rẹ̀ tọ́, òun ni. Wọ́n kọ̀ fún un. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni ọta ìbọn pa á ní Memphis.

Ọdún mẹ́wàá ó lé kan lẹ́yìn bọ́ǹbù Montgomery, ìtàn yí ẹ̀wù padà ní California. Ní ìlú Oakland, Huey Newton àti Bobby Seale dá ẹgbẹ́ Black Panther sílẹ̀ ní ọdún 1966. Wọ́n ka òfin ìpínlẹ̀ wọn dáadáa, wọ́n rí i pé kò ka gbígbé ìbọn ní gbangba léèwọ̀. Ni wọ́n bá ń gbé ìbọn sí èjìká tẹ̀lé ọlọ́pàá káàkiri àdúgbò, wọ́n ń wo bí ó ṣe ń mú ènìyàn. Aṣòfin Don Mulford gbé àbá kan wá láti dá a dúró. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1967, nǹkan bí ọgbọ̀n ọmọ ẹgbẹ́ náà gbé ìbọn wọ ilé aṣòfin ní Sacramento láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Gómìnà Ronald Reagan fi buwọ́ lu òfin náà, tí gbígbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ní gbangba sì di èèwọ̀. Ẹ rántí ohun tí àwọn adájọ́ ayé àtijọ́ sọ: ẹni tí ó gbé ìbọn sí gbangba ni olóòótọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú gbé e sí gbangba, gbangba náà di ẹ̀ṣẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1980 ni afẹ́fẹ́ ti yí padà. Ní ọdún 1987, Florida ṣòfin pé bí ẹnì kan bá ti pé ọjọ́ orí tí a là sílẹ̀, tí ó gba ẹ̀kọ́ lórí ìbọn, tí kò sì ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, dandan ni kí ìpínlẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ. Kò sí pé aláṣẹ fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tẹ̀lé e. Ní Texas, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ènìyàn 23 nínú ilé oúnjẹ Luby's ní Killeen ní ọdún 1991, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí ni wọn ì bá ti ṣe bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1995, George W. Bush, tí ó jẹ́ gómìnà nígbà náà, buwọ́ lu òfin ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2021, ìwé àṣẹ náà kò jẹ́ dandan mọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2024, ìpínlẹ̀ 29 ni kò bèèrè ìwé àṣẹ mọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà tí òfin kò dè lọ́wọ́. Vermont ní tirẹ̀ kò bèèrè rẹ̀ rí.

Àwọn tí ó fẹ́ kí òfin le ní ẹ̀rí tiwọn, ẹ̀rí náà sì wúwo. Ní ọdún 2021 nìkan, ènìyàn tí ìbọn pa ní Amẹ́ríkà lé ní 48,000, èyí tí ó ju ìdajì wọn sì jẹ́ àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kan tí ìkórìíra ti gbà lọ́kàn wọ ilé ìtajà kan ní Buffalo, ìpínlẹ̀ New York, ó sì pa aláwọ̀ dúdú mẹ́wàá. Ìyá tí ó sin ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ìtàn Kentucky ọdún 1813. Ó fẹ́ kí ìbọn dín kù ní òpópónà. Ta ni yóò bá a jiyàn?

Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìpànìyàn Buffalo, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Bruen. Ilé ẹjọ́ náà ti sọ ní ọdún 2008 pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni níní ìbọn nínú ilé. Ní ọdún 2010 ó gbà, nínú ẹjọ́ tí bàbá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan ní Chicago wà lára àwọn tí ó pè é, pé ẹ̀tọ́ náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2022, adájọ́ mẹ́fà borí mẹ́ta. Adájọ́ Clarence Thomas, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ni ó kọ ìdájọ́ náà. Òfin ìdí tí ó tọ́ ti ọdún 1913 wó lulẹ̀. Lára àwọn tí ó kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ pé kí ó wó o ni àwọn agbẹjọ́rò tí ń gbèjà tálákà ní New York. Wọ́n ní ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí àwọn ń gbèjà lọ́dọọdún lórí òfin yìí, aláwọ̀ dúdú àti ọmọ ilẹ̀ Látìn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Kò pẹ́ tí New York fi ṣe òfin mìíràn tí ó ka ọ̀pọ̀ ibi léèwọ̀ fún ìbọn. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà fi adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan sọ nínú ẹjọ́ Rahimi pé ìjọba lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ ti kìlọ̀ fún nítorí pé ó ń halẹ̀ mọ́ ìyàwó tàbí olólùfẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wà, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ìjà tí ó kù ni ibi tí ààlà náà yóò gbà kọjá.

Síbẹ̀, ìwé àṣẹ nìkan kò tán ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Keje ọdún 2016, ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ aláwọ̀ dúdú kan dúró ní Minnesota. Ọkùnrin náà ní ìwé àṣẹ. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá náà pé ìbọn wà lára òun. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọlọ́pàá náà ti yìnbọn pa á níṣojú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àti ọmọ kékeré. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀. Òfin ti ka ọkùnrin náà sí ẹni tí ó yẹ. Ojú tí ó wò ó ní ọ̀nà kò kà á sí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa tí ó ń gbé ní Houston, ní Maryland, ní Chicago àti ní New York. Ẹni tí ó bá ra ìbọn lọ́nà tí ó tọ́ ní Houston kò gbọdọ̀ rò pé ẹ̀tọ́ náà bá òun wọ ọkọ̀ dé Maryland. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1986 gba arìnrìn-àjò láàyè láti gbé ìbọn kọjá láti ibi tí ó ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i dé ibi tí ó ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí ọta kò bá sí nínú rẹ̀, tí ọwọ́ kò sì lè tètè tó o nínú ọkọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kò gbọdọ̀ ní ìbọn rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, àfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ní káàdì ìgbélùú ṣùgbọ́n tí kò tí ì di ọmọ orílẹ̀-èdè, bí wọ́n bá dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ìbọn, wọ́n lè dá a padà sílé lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe ẹ̀wọ̀n tán. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún Burress lè jẹ́ òpin ogún ọdún làálàá fún àtìpó.

Ẹ̀kọ́ tún wà níbẹ̀ fún wa nílé. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959, tí a ṣe kí a tó gba òmìnira, ni a ṣì ń lò. Ìwé òfin ọdún 1999 sì fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà ìpínlẹ̀ kankan kò lè ṣe irú ohun tí Kentucky ṣe. Láti ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020 ni ariwo ti pọ̀ sí i pé kí ìpínlẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀, kí àgbẹ̀ àti ọlọ́dẹ lè dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ẹni tí wọ́n jí ìbátan rẹ̀ gbé kò ní ṣòro fún láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó gba agbára náà kúrò ní Àbújá wá sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, ó yẹ kí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí a tó fún un ní ìwé àṣẹ, iye ọjọ́ tí aláṣẹ gbọ́dọ̀ fi dáhùn, àti ilé ẹjọ́ tí ẹni tí wọ́n kọ̀ fún lè gbà lọ. Florida ọdún 1893 kò kọ ọ́ sínú òfin pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni yóò mú. Ó fi àyè náà sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú aláṣẹ, aláṣẹ sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Bí a bá fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní tiwa, ta ni kò ní rí ìwé àṣẹ gbà? Ṣé Fúlàní tí a bí sí Ṣakí ni, tàbí àgbẹ̀ tí kò dìbò fún gómìnà? Àwọn aṣòfin wa kò tí ì dáhùn ìbéèrè yẹn.